Màrìwò Orí Ọgbà Ẹja Ìyàwó Mi

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: èmi, àbúrò ìyàwó mi, tó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, tó ń họ ìpẹ́ ẹja, àti alága àwa apẹja abúlé wa, tó dúró sórí afárá pákó níwájú ilé, tí kò wọlé. Ó ní ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òun. Ìyàwó mi kò sí níbẹ̀. Òjò èṣí ni ó kú.

"Wọ́n ń bọ̀ lónìí," ni alága wí. "Àwọn ìjọba. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n á ti dé."

Mo mọ ohun tó bá wá.

Owó ìrànwọ́ àgbẹ̀ ni. Ní òkè, níbi tí ilẹ̀ wà, àwọn olóko kòkó àti ẹ̀gẹ́ ni ìjọba ń fún. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ilé wa pàápàá, orí òpó ló dúró sí, omi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá kọ orúkọ, ọ̀kan nínú wọn bi wá pé oko wa dà. Ìyàwó mi na ọwọ́ sí odò, ó ní, "Ẹ ò rí i ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ọgbà ẹja, àgbẹ̀ ni òun náà. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Owó kò wọlé títí tó fi lọ. Nísinsìnyí tí wọ́n fẹ́ san án, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí ọgbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ni ín sì dúró tì í.

Ṣíṣe ọgbà kò le. A ó ri ọ̀pá mọ́ inú ẹrẹ̀ níbi tí omi kò jìn, a ó fi yí ibẹ̀ po, a ó sì kó ẹ̀ka igi sí àárín rẹ̀. Ẹja á wá sá pamọ́ síbẹ̀, á jẹ, á bí. Ẹni tó ni ọgbà kò ní fọwọ́ kàn án fún oṣù púpọ̀. Ọjọ́ tó bá fẹ́ kó o, á fi àwọ̀n yí i ká. Sùúrù ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ìyàwó mi ní sùúrù. Èmi, inú òkun ni mo ń lọ ní tèmi. Òun ló ni ọgbà, kò sí ẹni tí kò mọ̀.

Bí ẹni tó ni ọgbà bá kú, a máa ń so màrìwò mọ́ ọ̀pá iwájú. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ẹja níbẹ̀. Ó di ọjọ́ tí ẹni tó so màrìwò bá fọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Ọjọ́ náà ni àwọn ẹbí á fa àwọ̀n, wọn á pín ẹja kárí àwọn tó wá sìnkú, ẹni tó tú màrìwò á sì sọ ẹni tó ni ọgbà láti ìgbà náà lọ. Kò yẹ kó pẹ́. Èmi ni mo so ti ìyàwó mi. Ọdún ti yí po, màrìwò náà ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní omi ti pọ̀ jù. Bí omi bá fà, mo máa ń ní ó ti fà jù.

Alága fi ẹnu tọ́ka sí àbúrò ìyàwó mi.

"Ìwọ náà wò ó dáadáa," ó ní. "Ojú kan náà. Bó bá wé gèlè, tó dúró sínú ọkọ̀ ìyàwó rẹ, ta ni yóò mọ̀?"

"Ẹja á mọ̀," ni àbúrò ìyàwó mi dá a lóhùn, kò gbójú sókè. "Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ẹja kì í sọ̀rọ̀. Bíi ọkọ ẹ̀gbọ́n mi."

Alága rẹ́rìn-ín títí tí pákó fi ń mì lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

"Iṣẹ́ tìrẹ kò pọ̀. Lọ tú màrìwò yẹn kí wọ́n tó dé. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á béèrè. Bí wọ́n bá béèrè, ọ̀rọ̀ bàjẹ́."

Mo ní, "Mo gbọ́."

Ó lọ. Ó rò pé mo ti gbà.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ àbúrò ìyàwó mi ṣe rí. Ìhà Molutehin, létí òkun, ni wọ́n gbé e níyàwó sí. Ọkọ rẹ̀ ti já a sílẹ̀ tipẹ́, ẹja yíyan ló fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Òkun wá ní òru ọjọ́ kan, ó gbé ilé ìyanja rẹ̀ lọ, pẹ̀lú ààrò, pẹ̀lú igi ìdáná, pẹ̀lú ẹja tó wà lórí rẹ̀. Ó gbé bàsíà kan àti ẹní kan wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó dé tí ẹ̀gbọ́n fi kú. Òun ló tọ́jú rẹ̀ ní àìsàn. Kò padà, mi ò sì ní kó lọ. Ẹja ẹlẹ́ja ló ń yan, kí wọ́n lè fún un ní díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Èkó ti ń pè é pé kó wá máa tọ́jú ilé olówó kan. Ó máa ń sọ fún ọ̀rẹ́ náà pé, "Jẹ́ kí n wò ó ná." Mo mọ ohun tó ń wò. Ọgbà yẹn ni. Kò bi mí léèrè rẹ̀ rí.

N kò lè jókòó. Mo lọ gbọ́n omi inú ọkọ̀ mi, ọkọ̀ náà kò sì lómi. Mo tú okùn àwọ̀n, mo tún un dì. Nígbà tó yá mo mú àjẹ̀, mo wa ọkọ̀ lọ sójú odò.

Ohun tí mo bá níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ọ̀pá kún gbogbo ojú omi. Alága ti sọ fún gbogbo ilé pé iye ọgbà tí ìjọba bá rí ni wọ́n máa sanwó fún, gbogbo ilé sì ti jáde. Ẹni tó jẹ́ atúnẹ́ńjìnnìṣe ń ri ọ̀pá. Ẹni tó ń ta kẹrosíìnì ń ri ọ̀pá. Obìnrin arúgbó kan tí kì í jáde nílé mọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń pàṣẹ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ibi tó máa ri tirẹ̀ sí.

"Ṣé ọgbà lèyí àbí eyín àgbàlagbà?" ni ẹnìkan kígbe sí aládùúgbò rẹ̀. "Ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún!"

"Ẹja tèmi kì í ṣe oníwàhálà," ni èyíinì dáhùn. "Wọ́n ń gbọ́ orúkọ ìjọba báyìí, wọ́n ti ń bọ̀."

Àṣà wa ni pé a kì í ri ọ̀pá sí ọ̀nà ọkọ̀, ibi tí omi ti jìn láàárín odò. Láti ayé bàbá wa ni wọ́n ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ri ọ̀pá síbẹ̀. Ọkọ̀ kékeré bíi tèmi ráyè kọjá, ó ń fara ha ọ̀tún, ó ń fara ha òsì. Mo rí i, mi ò sọ nǹkan kan. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ tí orí wọn kò kọjá ìgúnpá mi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń pa ẹnu mọ́ kí wọ́n má baà fi í rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ mi lára.

Mo dé ọgbà ìyàwó mi. Ó wà ní kọ̀rọ̀, níbi tí odò ti yà lọ sí apá ọ̀nà Ugbonla. Ọ̀pá rẹ̀ ti dúdú, ewé omi ti so mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Màrìwò náà ti gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ ti di ti tábà. Ẹja ta nínú ọgbà, ó tún ta. Wọ́n ti tóbi. Mo gbọ́ bí omi ṣe ń dún lára wọn.

Mo na ọwọ́ sí kókó tí mo ta. Mo fi ọwọ́ kàn án. Mo mú ọwọ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ irọ́ tí wọ́n fẹ́ pa fún ìjọba kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mo bá tú u, ọgbà yìí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Mo yí ọkọ̀ padà.

Àbúrò ìyàwó mi ti dúró dè mí ní ẹsẹ̀ àkàsọ̀. Gèlè aláwọ̀ aró ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wé.

"Ṣé ẹ ti tú u, Ẹ̀gbọ́n?"

"Rárá."

Ọkọ̀ ẹnìkan kọjá, ìgbì rẹ̀ lu òpó ilé wa.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ta ni ẹ ń tọ́jú ẹja yẹn fún?"

Mo gbé àjẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Ó dáa," ó ní. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mú àjẹ̀, ó lọ. Mi ò dá a dúró.

Oòrùn ti kan àtàrí kí a tó gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ náà funfun, ó yára, ó gbé èèyàn díẹ̀ tí wọ́n wọ ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Ó wọ ẹnu odò wa pẹ̀lú ariwo. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹ́ńjìnnì hu, ó wúkọ́, ó sì dákẹ́. Ó ti wọ àárín ọ̀pá. Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti lọ́ mọ́ okùn tí ẹnìkan fi di ọgbà rẹ̀ tuntun. Awakọ̀ náà bú gbogbo wa, láti orí alága dórí ẹni tó bí alága. Ọkọ̀ kò lè wọlé, kò lè padà. Àwọn tí ìjọba rán láti wá wo oko wa há sínú oko wa.

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Ni gbogbo odò bá gbà á.

Ọ̀gá wọn kò rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan ni, kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, Àkúrẹ́ ló ti wá. Ó wò yíká, ọkọ̀ mi tí mo jókòó sí ló sún mọ́ wọn jù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gbé mi?"

Mo fa ọkọ̀ mọ́ tiwọn. Ó bọ́ sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ ẹyin, ó di etí ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì. Fóònù rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ nínú ọ̀rá.

"Ẹ má wo omi," mo ní. "Ẹ máa wo ọ̀nà iwájú."

"Iwájú náà omi ni, sà."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. A ń lọ láàárín àwọn ọ̀pá. Ó na ọwọ́, ó já ewé kan lára ọ̀pá kan. Ewé náà tutù, oje ṣì ń yọ nídìí rẹ̀.

"Bàbá, ọgbà yìí ti pẹ́ tó?"

"Ẹ bi ẹni tó ni ín."

"Ẹni tó ni ín ló ń juwọ́ sí mi lọ́hùn-ún yẹn. Ó ní ó ti pé ọdún márùn-ún." Ó ju ewé náà sómi. "Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, sà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, wọ́n máa ń yá ebè láti fi hàn àwa ìjọba. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin ò ní ọgbà?"

"Ìyàwó mi ló ni ín."

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ó yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í, mi ò fi tì í.

"Ó dáa. Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀ ná."

Àjẹ̀ wúwo lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a yà sí kọ̀rọ̀ náà, mo rí àbúrò ìyàwó mi lókèèrè. Ó dúró gbọnrangandan nínú ọkọ̀, gèlè aláwọ̀ aró lórí, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀pá iwájú. Mo wá a títí, n kò rí màrìwò. Ọkàn mi kò balẹ̀, n kò sì mọ èyí tí ì bá mú un balẹ̀, pé ó ti tú u ni tàbí pé kò tú u. Nígbà tí a sún mọ́ ọn ni mo tó rí ṣóńṣó rẹ̀ lẹ́yìn èjìká rẹ̀. Kò tú u. Ó fi ẹ̀yìn bò ó ni. Òun náà mọ̀ pé ọwọ́ tó so ó ló gbọ́dọ̀ tú u.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Kí lorúkọ yín?"

Àbúrò ìyàwó mi dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Láti òjò èṣí, n kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu obìnrin kankan lórí omi.

Ọmọbìnrin náà wo fóònù, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo fóònù. Ó dà bíi pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Ẹ sún díẹ̀, mà, kí ọgbà lè hàn nínú àwòrán."

Kò sún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò mọ irọ́. Atẹ́gùn fẹ́ láti ìhà òkun, ó ti ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ náà yí díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé e kúrò níwájú ọ̀pá. Màrìwò náà ń mì sójú gbogbo wa.

Ọmọbìnrin náà gbé fóònù sílẹ̀.

"Nílùú tiwa, ara ọkọ̀ tó gbé òkú ni wọ́n ń so èyí mọ́," ó ní jẹ́jẹ́. Kò wo àbúrò ìyàwó mi. Èmi ló wò. "Bàbá, ta ló kú?"

Àbúrò ìyàwó mi wò mí. Kò bẹ̀ mí. Ó wò mí lásán ni. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ìyá mi ni, tàbí ìyá ìyá mi, ọ̀rọ̀ á kọjá, owó á wọlé, òun náà kò sì ní í lọ sí Èkó.

"Ìyàwó mi," mo ní. "Àbúrò rẹ̀ nìyí."

Ó jókòó sínú ọkọ̀. Ó tú gèlè, ó ká a sórí itan rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ.

Mo rò pé ọmọbìnrin náà máa bínú. Kò bínú. Ó nu òógùn ojú.

"A ò lè san owó fún òkú, sà. Ṣùgbọ́n ọgbà gidi ni ọgbà yìí, òun nìkan ni mo tíì rí lónìí tí ẹja wà nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti gba iṣẹ́ náà, orúkọ ẹni náà ni màá kọ. Ta ló ni ín báyìí?"

Omi ń dún lára ọ̀pá.

"Ẹ bi wọ́n," ni àbúrò ìyàwó mi wí. "Èmi ti bi wọ́n láàárọ̀."

Ọmọbìnrin náà dúró dè mí títí. Nígbẹ̀yìn ó ní Ugbonla ni òun máa sùn, òun máa gba ibí padà lọ́la kí oòrùn tó mú, bí àwọn ènìyàn wa bá fa ọ̀pá wọn kúrò lọ́nà. "Bí màrìwò bá ṣì wà lórí rẹ̀, mi ò lè pè é ní oko tí ẹnìkan ń ṣe," ó ní. "Màá kọjá ni."

Mo gbé e padà sínú ọkọ̀ wọn. Wọ́n ti gé okùn kúrò lára abẹ̀bẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn jáde bí akàn.

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo abúlé ń fa ọ̀pá tí wọ́n rì ní àárọ̀. Alága tún wá sórí afárá pákó wa. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀!" ó kígbe. "Láti ọjọ́ yìí wá, a ń bẹ̀ ọ́ kí o sọ̀rọ̀ nípàdé, o ò sọ. Ọjọ́ tí a ní kí o dákẹ́ lo wá di agbẹjọ́rò!"

"Ẹ má bínú, Alága."

"Tèmi kọ́. Wo ẹni tí o ṣe é sí."

Ó tọ́ka sí yàrá ẹ̀yìn. Àbúrò ìyàwó mi ń di aṣọ rẹ̀ sínú bàsíà tó gbé wá. Kò bínú, kò sunkún. Ó ń ká aṣọ kọ̀ọ̀kan dáadáa. Ó ti po pupuru sílẹ̀ fún mi, ó fi àwo bò ó. Òun kò jẹun. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, mo fẹ́ sọ pé kó má lọ. Mo wò ó pé bí mo bá ní kó má lọ, ó máa bi mí pé kí lòun máa dúró ṣe. Mo padà síwájú ilé. Mo jókòó, mo dìde. Pupuru náà tutù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Dìde," mo ní. "Mú àwọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo ti lọ jí àwọn ẹbí wọn. Alága náà wá, kò kí mi, ṣùgbọ́n ó wá. Mo bọ́ sínú omi títí dé àyà, mo di ọ̀pá iwájú mú, mo tú kókó náà. Ó ti le. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fi eyín sí i. Nígbà tó tú, mo ju màrìwò sínú ọkọ̀ mi, mo ní kí wọ́n fa àwọ̀n. Ọ̀bọ̀kún ni, ẹ̀pìyà ni, àwọn mìíràn gùn tó apá mi. Alága gbàgbé pé òun ń bínú, ó ń kígbe, "Ẹ rọra! Ẹ rọra fà á!"

Àwọn ẹbí pín ẹja kárí àwọn ilé tó wá sìnkú. Lẹ́yìn náà mo sọ ohun tó yẹ kí n sọ, ó ṣojú gbogbo wọn. Mo ní, "Àbúrò rẹ̀ ló ni ọgbà yìí láti òní lọ." Kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò ìyàwó mi fi omi bọ́jú, ó tún fi bọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ka tuntun tó máa kó sí àárín.

Mo gbé ẹja tiwa wálé. Mo kó igi sínú ààrò, igi náà tutù, kò fẹ́ gbiná. Mo wo màrìwò tó wà nínú ọkọ̀. Àwọn àgbà lè má fẹ́ràn ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo ṣẹ́ ẹ sí méjì, mo tì í sábẹ́ igi, mo ṣáná sí i. Ó mú lójú ẹsẹ̀. Mo ń to ẹja sórí iná nígbà tí mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́ọ̀ọ́kán, láti ọ̀nà Ugbonla. Ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú ọ̀nà tí a ti fà mọ́. Nígbà tó dé kọ̀rọ̀ níbi ọgbà àbúrò ìyàwó mi, ó dákẹ́. Mi ò jáde lọ wò ó. Mo yí ẹja padà.